Sàláàdì bíìtírúùtù sísun: ṣé dandan ni wàràkàṣì ewúrẹ́, àbí wàrà Fúlàní ti tó?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Òṣogbo ni mò ń gbé, lápá Òkè-Fíà. Àbúrò ọkọ mi ń bọ̀ láti ìlú òyìnbó lọ́jọ́ Sátidé. Ó ti fi ránṣẹ́ pé sàláàdì bíìtírúùtù sísun àti wàràkàṣì ewúrẹ́ tí òun máa ń jẹ níbẹ̀ lòun fẹ́ bá nílé. Mi ò ní ófùn. Wàràkàṣì ewúrẹ́ tí mo rí ní súpámákẹ́ẹ̀tì, owó rẹ̀ á ra odidi adìẹ. Ìyá ọkọ mi ní kí n bọ bíìtírúùtù bí ẹni bọ iṣu, kí n gé wàrà Fúlàní lé e, kí n da sàlàdì kírímù sí i, ó parí. Ọ̀rẹ́ mi ní bíìtírúùtù ń rùn bí erùpẹ̀, pé kò sí ohun téèyàn lè ṣe sí i. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

* * *

Ìdáhùn: Mo ti ka ohun tí àwọn tó ṣáájú mi kọ sábẹ́ ìbéèrè yìí, màá sì fèsì sí tiwọn náà bí mo ṣe ń lọ. Kí ìyá má bínú sí mi o, ẹ má bọ bíìtírúùtù yẹn. Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ba sàláàdì yìí jẹ́ kí ọ̀rọ̀ wàrà tó dé rárá. Bí ẹ bá bó èèpo rẹ̀, tí ẹ gé e, tí ẹ sì bọ̀ ọ́, adùn rẹ̀ á jáde sínú omi, àwọ̀ rẹ̀ á tẹ̀ lé e, ohun tí ẹ máa fi ṣíbí bù síwájú àlejò á kàn máa ṣomi lẹ́nu. Sísun ni tirẹ̀. Tí ẹ bá sun ún tèèpotèèpo, omi inú ara rẹ̀ ló máa fi jinná, adùn rẹ̀ á sì túbọ̀ ki.

Ọ̀rẹ́ yín náà ò parọ́. Òórùn erùpẹ̀ wà lára bíìtírúùtù. Geosmin ni wọ́n ń pe ohun tó ń fà á, òun náà ló sì wà nínú òórùn tí ilẹ̀ máa ń rú jáde nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀. Ibi tí mi ò ti gbà fún ọ̀rẹ́ yín ni pé kò sí ohun téèyàn lè ṣe sí i. Ara èèpo ló pọ̀ sí jù, nítorí náà ẹ bó èèpo kúrò dáadáa lẹ́yìn tó bá jinná. Lẹ́yìn náà, ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí fínígà sí i nígbà tó ṣì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ohun kíkan máa ń tú geosmin ká.

Kíkan yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ dì mú nínú gbogbo ohun tí mo máa sọ. Bíìtírúùtù dùn, adùn rẹ̀ sì wúwo. Bí kò bá sí ohun tó kan tó sì níyọ̀ tó dojú kọ ọ́ nínú abọ́, ṣíbí kẹta ló máa sú èèyàn. Iṣẹ́ tí wàràkàṣì ewúrẹ́ ń ṣe níbẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá ti mọ iṣẹ́ yẹn á mọ ohun tó lè gbapò rẹ̀ àti ohun tí kò lè gbà á.

* * *

Lórí àìní ófùn: ẹni mẹ́ta ló ti dá yín lóhùn pé ẹ lọ yá ti aládùúgbò yín. Ẹ ò nílò rẹ̀.

Ẹ dá iná èédú bí ìgbà tí ẹ fẹ́ sun iṣu. Ẹ jẹ́ kí iná náà jó títí eérú funfun á fi bo ojú èédú. Bó bá ṣì ń yọ ahọ́n, ẹ̀yìn á jó, inú ò ní jinná. Ẹ fọ bíìtírúùtù, ẹ má gé ìrù rẹ̀, ẹ sì fi igi ewé rẹ̀ sílẹ̀ ní ìwọ̀n ìka méjì lórí. Bí ẹ bá ti gé e wọnú ara, oje pupa á máa ṣàn jáde. Ẹ fi fọ́ìlì wé e lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sáàárín èédú, kí ẹ máa yí i. Èyí tó tó ìkúùkù á jinná láàárín ìṣẹ́jú 50 sí wákàtí kan. Ọ̀bẹ ló máa sọ fún yín: bó bá wọlé dé àárín láìjà, ó ti tó.

Ẹni tí kò bá fẹ́ èéfín lè lo ìkòkò onírin tó nípọn. Ẹ da yanrìn gbígbẹ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bí àwọn tó ń ṣe kéèkì láìní ófùn ṣe máa ń ṣe, kí ẹ jẹ́ kó gbóná, kí ẹ to bíìtírúùtù tí ẹ ti fi fọ́ìlì wé lé yanrìn lórí, kí ẹ dé e, kí ẹ gbé òkúta lé ọmọrí. Iná kékeré, wákàtí kan àbọ̀. Àwọn tó ní ófùn, ẹ gbé e sí 200 lórí òṣùwọ̀n Celsius, fún bíi wákàtí kan.

Ẹnì kan kọ ọ́ pé gáàsì ti wọ́n ju kéèyàn máa fi wákàtí kan àbọ̀ sun ohun tí kò lè yó ọmọdé. Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn, mi ò ní fojú fò ó. Ẹ ra kéékèèké. Èyí tó kéré ju ìkúùkù tètè ń jinná, kò sì ní igi láàárín bíi ti àwọn gbàǹgbà. Ọ̀dọ̀ àwọn Hausa tó ń ta kárọ́ọ̀tì àti kábéèjì, ní Sábó àti lápá Ọjà Ọba, ni ẹ ti máa rí i. Apá Jos ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá, nítorí náà ó ti rìn kó tó dé ọ̀dọ̀ wa: ẹ tẹ̀ ẹ́ wò. Kó le, kó wúwo lọ́wọ́. Èyí tí ara rẹ̀ bá ti hunjọ, ẹ fi í sílẹ̀ fún wọn.

Bó bá jinná, ẹ tú fọ́ìlì, ẹ jẹ́ kó tutù dé ibi tí ọwọ́ lè gbà á. Ẹ fi àtàǹpàkò ti èèpo náà: á yọ bọ̀rọ́ lábẹ́ ọwọ́ yín, ẹran inú á máa dán, bí ẹ bá sì gé e dábùú ẹ máa rí òrùka-òrùka, ọ̀kan pọ́n fòò, ọ̀kan pọ́n rẹ́súrẹ́sú, títí dé àárín. Ẹ wọ ọ̀rá sọ́wọ́ bí ẹ ò bá fẹ́ kí èékánná yín pọ́n.

* * *

Ó dáa, ọ̀rọ̀ wàrà.

Ohun tí mo kà lókè pín sí mẹ́ta. Àwọn kan ní wàrà ni wàrà ń jẹ́, pé ti Fúlàní ti tó. Àwọn kan ní bí kò bá ti jẹ́ ti ilẹ̀ Faransé, kí onílé má wulẹ̀ dáwọ́ lé e. Àwọn kẹta ní kí ẹ fi ẹyin sísè dípò rẹ̀. Mi ò bá ìkankan nínú wọn lọ.

Mo fẹ́ràn wàrà Fúlàní, mo sì máa ń dín in fún àwọn èèyàn tí mò ń se oúnjẹ òde fún. Àmọ́ ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Oje ewé bòmubòmu ni wọ́n fi ń mú mílíìkì màlúù dì, wọ́n á wá sè é títí á fi gan. Kì í kan. Kì í yọ́. Bí ẹ bá gún un ní fọ́ọ̀kì, ńṣe ló máa pín sí méjì, kò ní tú. Nínú sàláàdì yìí, bíìtírúùtù á wà lọ́tọ̀, wàrà á wà lọ́tọ̀, èyí tó ń dún kíínkíín lábẹ́ eyín kò ní bá èyí tó ń yọ̀ lẹ́nu sọ̀rọ̀. Wàràkàṣì ewúrẹ́ tútù rọ̀, ó kan, ó níyọ̀. Ó máa ń tú sára bíìtírúùtù, á bá oje rẹ̀ pò, òun fúnra rẹ̀ á di apá kan ọbẹ̀ sàláàdì náà. Ìdí tí mo fi ní wàrà lásán kò lè rọ́pò rẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe torí pé ti òyìnbó lọ́lá ju tiwa.

Àwọn tó ní kó jẹ́ ti ilẹ̀ Faransé dandan, mo bi wọ́n: kí ni wọ́n ń fi ṣe é níbẹ̀? Mílíìkì ewúrẹ́, ohun tó ń mú un kan, iyọ̀ àti aṣọ tí wọ́n fi ń sẹ́ ẹ. Èwo ni kò sí ní Òṣogbo nínú rẹ̀?

Mílíìkì nìkan ló fẹ́ ìsapá. Ewúrẹ́ kúkúrú tó ń rìn ká àdúgbò wa, mílíìkì rẹ̀ ò pọ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ ló wà fún. Ewúrẹ́ pupa ti apá Sokoto ló ń fún èèyàn ní èyí tó nítumọ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ìyá Fúlàní tó ń kiri wàrà bóyá ẹnì kan ní gáà wọn ń fún mílíìkì ewúrẹ́, kí ẹ sọ ọ́ fún un láti ọjọ́ Ẹtì. Ẹ tún béèrè bóyá òbúkọ ń gbé láàárín wọn, torí òórùn òbúkọ máa ń mú mílíìkì. Ibẹ̀ ni òórùn líle tí àwọn kan ń sá fún ti ń wá. Mílíìkì ewúrẹ́ tí wọ́n fún ní mímọ́, tí òbúkọ ò sí nítòsí, kò ní òórùn kan tó ń lé èèyàn.

Lítà kan mílíìkì. Ẹ sẹ́ ẹ, ẹ gbé e kaná, kí ẹ máa rò ó díẹ̀díẹ̀ kó má baà di mọ́ ìsàlẹ̀. Nígbà tó bá ń yọ ooru, tí ìfófòó kéékèèké ń tò yí etí ìkòkò ká, ìyẹn bí ìwọ̀n 85 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹ da oje ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ṣíbí ìjẹun mẹ́rin, bíi 60 ml. Ẹ rò ó lẹ́ẹ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ máa rí i tó ń ya: ìdìpọ̀ funfun kéékèèké, omi tó dà bí èyí tó fẹ́ ní àwọ̀ ewé lábẹ́. Bí kò bá tíì ya, ẹ fi ọsàn kún un díẹ̀. Ẹ dà á sínú aṣọ funfun mímọ́ tí ojú rẹ̀ há, torí ìdìpọ̀ ti ewúrẹ́ wẹ́ ju ti màlúù lọ, á bá ihò aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀ jáde. Ẹ so ó kọ́ fún wákàtí kan sí méjì. Iyọ̀, ìdajì ṣíbí tíì. Ẹ tọ́ ọ wò. Lítà kan kò ní fún yín ní ohun rẹpẹtẹ, àmọ́ á tó ẹni mẹ́rin nínú sàláàdì.

Bó ṣe máa funfun á yà yín lẹ́nu. Ewúrẹ́ kì í jẹ́ kí àwọ̀ òféèfèé inú koríko dé inú mílíìkì, ó ti sọ ọ́ di fítámì A nínú ara rẹ̀. Lórí bíìtírúùtù pupa, funfun yẹn máa ń yọ kedere.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kí ẹ lo mílíìkì tí kò kan iná. Àrùn brucellosis máa ń gba inú mílíìkì tútù wọ ara èèyàn, ó sì máa ń pẹ́ lára. Aláboyún ní pàtàkì, kó má sún mọ́ wàràkàṣì rírọ̀ tí wọ́n fi mílíìkì tútù ṣe.

Bí mílíìkì ewúrẹ́ bá já yín kulẹ̀, ẹ ra yọ́gọ̀ọ̀tì tí kò ní ṣúgà, ẹ pò ó mọ́ iyọ̀, kí ẹ so ó kọ́ sínú aṣọ ní fíríìjì mọ́jú. Ọjọ́ kejì á ti le, á ṣeé fi ṣíbí gé. Kì í ṣe ti ewúrẹ́, àmọ́ ó kan, ó rọ̀, ó níyọ̀. Mo máa ń lò ó nígbà tí òjò bá ba ọ̀nà gáà jẹ́, àwọn tó jẹ ẹ́ kì í ṣẹ́ kù sínú abọ́. Bó bá sì jẹ́ pé wàrà Fúlàní náà ló wà nílé, ẹ rún un wẹ́wẹ́, kí ẹ fi yọ́gọ̀ọ̀tì àti oje ọsàn wẹ́wẹ́ pò ó, kó sùn bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ni àbá ìyá ọkọ yín ṣe lè wúlò.

* * *

Sí ẹni tó ní kí a fi ewé bòmubòmu mú mílíìkì ewúrẹ́ dì nílé: rárá o. Oje funfun ara ewé yẹn lóró, bó bá ta sójú èèyàn, ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn ni. Àwọn ìyá Fúlàní mọ ìwọ̀n tí wọ́n ń lò, wọ́n sì ń se wàrà wọn dáadáa lẹ́yìn rẹ̀. Ọsàn wẹ́wẹ́ wà lọ́jà.

* * *

Sàlàdì kírímù. Mo mọ̀ pé sàláàdì lójú ọ̀pọ̀ wa ni lẹ́túùsì, kárọ́ọ̀tì, ẹ̀wà inú agolo, ẹyin, kí kírímù funfun wá bo gbogbo rẹ̀. Ó dára láyè tirẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrẹsì òde. Níbí, ó ti dùn jù. Adùn lórí adùn ni, á tún sọ gbogbo abọ́ di àwọ̀ kan tí kò wu ojú.

Ohun tí ẹ nílò: ṣíbí méjì oje ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí fínígà, ṣíbí kan oyin, ṣíbí mẹ́rin òróró ólífì, iyọ̀, ìyèré gígún fínnífínní. Ẹ dà wọ́n sínú ìgò kékeré, kí ẹ mì í. Bí ólífì ò bá sí, òróró ẹ̀pà tí kò ní òórùn líle á ṣe é. Epo pupa ni ẹnì kan dábàá. Ó máa ń dì bí nǹkan bá tutù, ẹ fi í sílẹ̀.

Ewé? Òyìnbó máa ń lo èyí tó korò díẹ̀. Yánrin wa wà níbẹ̀. Ẹbí lẹ́túùsì ni, àwọn àgbà wa sì ti ń jẹ ẹ́ ní tútù tipẹ́. Ẹ mú ewé ọ̀dọ́, ẹ fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́, ẹ gbọn omi ara rẹ̀ dà nù. Ìkorò rẹ̀ bá adùn bíìtírúùtù mu ju lẹ́túùsì lọ, mo sì lè bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn.

Àríyànjiyàn tó gùn jù lókè ni ti àsálà. Torí pé wọ́n ń fi wọ́núùtù òyìnbó sí i, ọ̀pọ̀ ní kí a fi àsálà rọ́pò. Igi méjì tí kò bára tan ni. Àsálà tí a bọ̀ máa ń fi ìkorò sílẹ̀ lẹ́nu, pàápàá bí èèyàn bá mu omi lé e, yánrin sì ti mú ìkorò tirẹ̀ wá. Kajú sísun ni mo fara mọ́, ẹ fọ́ ọ gbàǹgbàgbàǹgbà kó má di lẹ́búlẹ́bú. Ẹ̀pà sísun náà kò burú.

* * *

Ìyá kan kọ̀wé tẹ̀rùtẹ̀rù pé lẹ́yìn tí òun jẹ bíìtírúùtù, ìtọ̀ òun pọ́n, ó ti fẹ́ máa lọ ọ̀dọ̀ dókítà. Ẹ fọkàn balẹ̀ mà. Àwọ̀ bíìtírúùtù ni, ó máa ń gba ara àwọn èèyàn kan kọjá bẹ́ẹ̀, ìgbẹ́ náà lè pọ́n. Bí ó bá kọjá ọjọ́ méjì tí ẹ ò sì jẹ ẹ́ mọ́, ẹ lọ yẹ ara yín wò. Òótọ́ ni pé ó máa ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀ díẹ̀, torí nítíréètì inú rẹ̀, àmọ́ ẹ má torí rẹ̀ já oògùn yín sílẹ̀. Ẹni tí òkúta inú kíndìnrín bá ti yọ lẹ́nu rí, kó jẹ ẹ́ níwọ̀nba, torí ọ́kísálétì, èròjà tó lè di òkúta nínú kíndìnrín, pọ̀ nínú rẹ̀.

Ẹlòmíì béèrè bóyá omi rẹ̀ ṣeé fi pa aṣọ láró, níwọ̀n bí Òṣogbo ti jẹ́ ìlú aró. Kò ní dúró. Ẹ̀lú máa ń wọ aṣọ lọ, á sì bá a gbó. Ti bíìtírúùtù, oòrùn àti fífọ̀ á kó o lọ. Àmọ́ á dọ̀tí pákó tí ẹ fi ń gé nǹkan tó bá pẹ́ lórí rẹ̀, nítorí náà ẹ tètè fọ̀ ọ́.

* * *

Àwọn tó ń sọ pé kò lè yó ọkùnrin: a ò sọ pé kó yó o. Ẹ gbé e kalẹ̀ ṣáájú, lẹ́yìn náà kí adìẹ yíyan àti dòdò tẹ̀ lé e. Ó tún bá iṣu sísun lọ gan-an, níwọ̀n ìgbà tí iná èédú ti wà nílẹ̀.

Nítorí náà, àǹtí Òkè-Fíà, ti Sátidé rèé. Ní ọjọ́ Ẹtì, ẹ sun bíìtírúùtù, ẹ bó o, ẹ fi oje ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ díẹ̀ pò ó, kó wọ fíríìjì. Bó bá jẹ́ ti yọ́gọ̀ọ̀tì ni ẹ ń ṣe, ẹ so ó kọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Bó bá jẹ́ mílíìkì ewúrẹ́, ẹ jẹ́ kó dé láàárọ̀ Sátidé, kí ẹ gbé e kaná ní kété tó bá dé. Nígbà tí àlejò bá ti jókòó, ẹ tẹ́ yánrin sínú abọ́ fẹ̀ǹfẹ̀, ẹ to bíìtírúùtù lé e, ẹ wọ́n ohun tó wà nínú ìgò sí i, ẹ fi ọwọ́ fọ́n wàràkàṣì sórí rẹ̀, kajú kẹ́yìn. Ẹ má rò ó pọ̀. Bí wàràkàṣì bá ti bá bíìtírúùtù gbé fún ìdajì wákàtí, gbogbo rẹ̀ á ti pọ́n.

Bí ẹ bá bá bíìtírúùtù tí ewé rẹ̀ ṣì tutù lọ́jà, ẹ má sọ ewé náà nù. Ẹbí kan náà ni òun àti tẹ̀tẹ̀, bí ẹ ṣe ń se ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ ni kí ẹ se é, lọ́jọ́ náà gan-an, torí ó tètè ń rọ. Ẹni tó bá sì mọ gáà tí wọ́n ti ń ta mílíìkì ewúrẹ́ déédéé nítòsí Òṣogbo, kó jọ̀ọ́ kó kọ apá ibi tó wà síbí àti iye tí wọ́n ń ta lítà kan, kí wọ́n rí i rà kó tó di Sátidé.